orúkọ ìkápá

Ẹ̀ka ọ̀rọ̀: àpólà-orúkọ (orúkọ + ìkápá).
Ọ̀rọ̀ mìíràn fún un: dòméènì (ọ̀rọ̀ àyálò, òun ni ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu).
Ibi ìlò: ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, òwò, òfin.

ÌTUMỌ̀

1. Orúkọ tí a fi ń dá ojú òpó kan tàbí ibi ìgba-ímeèlì kan mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó dúró fún nọ́ńbà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń wá ara wọn kàn. Àpẹẹrẹ: Orúkọ ìkápá ilé-ìwé wa parí pẹ̀lú .sch.ng.

2. Ẹ̀tọ́ láti lo irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún iye ọdún tí a ti san owó rẹ̀. Àpẹẹrẹ: Orúkọ ìkápá náà yóò parí ní oṣù kẹta bí a kò bá sọ ọ́ dọ̀tun.

Ìtumọ̀ kejì yìí ni ó máa ń sọnù nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, òun náà sì ni ó máa ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà. Nítorí náà òun ni púpọ̀ nínú àlàyé tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé.

ÌṢẸ̀DÁ Ọ̀RỌ̀

Inú gbólóhùn "apá ká" ni ìkápá ti wá. Bí a bá wí pé apá àgbẹ̀ kan ká oko rẹ̀, ohun tí a ń wí ni pé ó lè ro ó, ó lè ṣọ́ ọ, kò sì sí igun kan níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé. Ohun tí apá ẹni ká ni ó wà ní ìkápá ẹni. Ọ̀rọ̀ náà bá ohun tí a fi sọrí mu gan-an, nítorí pé ìbéèrè tó ṣe kókó nípa orúkọ ìkápá kì í ṣe "ta ni orúkọ yìí jọ?" bí kò ṣe "ta ni apá rẹ̀ ká a?"

PÍPÈ ÀTI KÍKỌ

Àmì ìdánudúró tó ń pín orúkọ náà sí abala ni a ń pè ní dọ́ọ̀tì: .com di "dọ́ọ̀tì kọ́ọ̀mù", .ng sì di "dọ́ọ̀tì ẹ́ẹ̀nù jíì". Láti ọwọ́ ọ̀tún ni a ti ń ka ìpò àwọn abala náà, bí ìgbà tí a ń ka àdírẹ́sì tí a kọ sí ẹ̀yìn àpò lẹ́tà: orúkọ ẹni ṣáájú, orílẹ̀-èdè gbẹ̀yìn. Nínú orúkọ tó parí pẹ̀lú .com.ng, ng ni orílẹ̀-èdè, com ni ẹ̀ka òwò lábẹ́ rẹ̀, ohun tó ṣáájú wọn ni a fúnra wa yàn. Bákan náà ni .bj jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí .tg sì jẹ́ ti Tógò.

Lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kò yàtọ̀ nínú orúkọ ìkápá. Abala kan kò gbọdọ̀ ju àmì 63 lọ, gbogbo orúkọ náà lápapọ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 253 lọ. Kò sí àyè òfìfo nínú rẹ̀. Àmì ìsopọ̀ (-) lè wà láàárín abala, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ abala tàbí kí ó parí rẹ̀.

ÌTÀN NÍ ṢÓKÍ

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, inú ìwé kan ṣoṣo tí a ń pè ní HOSTS.TXT ni orúkọ gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lórí ARPANET, ìyá íntánẹ́ẹ̀tì òde òní, wà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí SRI ní ìpínlẹ̀ Califonia ni ó ń tọ́jú rẹ̀, àwọn yòókù a sì máa ṣe àdàkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bí kọ̀ǹpútà ti ń pọ̀ sí i, apá kò ká ìwé náà mọ́. Ní ọdún 1983, Paul Mockapetris gbé ètò tuntun kalẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí DNS títí di òní. Ní 1987 ni a tún un ṣe nínú ìwé ìlànà RFC 1034 àti RFC 1035. Orúkọ .com àkọ́kọ́ tí a kọ sílẹ̀ ni symbolics.com, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún 1985.

Ọgbọ́n tó wà nínú DNS ni pé a pín iṣẹ́ náà. Kò sí ẹnì kan tó mọ gbogbo orúkọ, ṣùgbọ́n olúkúlùkù mọ ẹni tó yẹ kí a bi. Bí fóònù kan bá ń wá ojú òpó kan ní Nàìjíríà, a kọ́kọ́ bi àwọn sáfà gbòǹgbò pé ta ni ń tọ́jú .ng, ẹni tó ń tọ́jú.ng a tọ́ka sí sáfà tó mọ̀ nípa orúkọ náà. Sáfà yẹn ni yóò sọ nọ́ńbà tó yẹ. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti parí.

ÀKÍYÈSÍ LÓRÍ ÌLÒ (1): RÀ, FI SÍLẸ̀, GBÀ

"Mo ra dòméènì" ni gbogbo ayé ń wí. A kò lè ká gbólóhùn náà kúrò lẹ́nu ènìyàn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pé rà ń ṣini lọ́nà níhìn-ín. Ohun tí a bá rà, ìbáà ṣe aṣọ tàbí ìkòkò, tiwa ni. Ẹni tó tà á kì í padà wá gba owó ní ọdún tó ń bọ̀. Orúkọ ìkápá kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣe ayálégbé ni ó jọ: níwọ̀n ìgbà tí a bá ń san owó ilé, ẹnikẹ́ni kò lè lé wa jáde láìnídìí, ọjọ́ tí a bá dẹ́kun, ilé di ti ẹlòmíràn. A lè gba orúkọ .com fún ọdún kan péré, a sì lè gbà á fún ọdún mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò sí iye owó tí a lè san kí ó di tiwa títí láé.

Fi sílẹ̀, tí àwọn kan fi ń rọ́pò rà, ní ìṣòro tirẹ̀. "Wọ́n fi orúkọ ìkápá wọn sílẹ̀" lè túmọ̀ sí pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, ó sì tún lè túmọ̀ sí pé wọ́n pa á tì. Nínú ìwé àdéhùn, níbi tí ọ̀rọ̀ kan ti lè di ẹjọ́, ó sàn kí a lo gbà fún ti àkọ́kọ́ àti jọ̀wọ́ fún ti ìkejì.

Èyí tí ó péye: Ilé-iṣẹ́ náà gba orúkọ ìkápá kan fún ọdún méjì.
Èyí tí ó péye: Wọ́n jọ̀wọ́ orúkọ náà nígbà tí wọ́n yí orúkọ ilé-iṣẹ́ padà.
Èyí tí ó lè dààmú ènìyàn: Wọ́n fi orúkọ ìkápá náà sílẹ̀ ní ọdún tó kọjá.

TA NI ORÚKỌ WÀ LỌ́WỌ́ RẸ̀?

Ẹni mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ orúkọ ìkápá kàn. Àkọ́kọ́ ni olùtọ́jú àkọsílẹ̀, ẹni tó ní ìwé ńlá tí gbogbo orúkọ ẹ̀ka kan wà nínú rẹ̀. Verisign ni ó ń tọ́jú .com, Nigeria Internet Registration Association, tí a mọ̀ sí NiRA, ni ó ń tọ́jú.ng. Ìkejì ni alágbàtà orúkọ, ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ wa tó sì ń bá wa kọ orúkọ sínú ìwé ńlá náà. Ìkẹta ni olórúkọ, ẹni tí ìwé ńlá náà sọ pé òun ni a kọ orúkọ fún.

Ẹnì kẹrin wà tí ìlànà kò dárúkọ, òun sì ni gbogbo nǹkan sábà máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀: akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó bá wa kọ́ ojú òpó. Ilé-ìwé tàbí ilé ìtajà a kó owó fún un. Òun, láìní èrò búburú lọ́kàn, a fi orúkọ ara rẹ̀ àti ímeèlì ara rẹ̀ kún fọ́ọ̀mù nítorí pé ó yá. Ọdún mẹ́ta kọjá, ó ti ṣí lọ sí òkè òkun, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Ìkìlọ̀ pé orúkọ fẹ́ parí ń wọ inú ímeèlì tí kò yẹ̀ wò mọ́. Bí onílé-ìwé bá tọ alágbàtà lọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi í ni pé, "Ṣé ẹ̀yin ni olórúkọ?" Nínú ìwé ńlá, òun kọ́. Rìsíìtì owó tó san fún akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ náà lè jẹ́ ẹ̀rí fún ẹjọ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣí ilẹ̀kùn fún un lójú ẹsẹ̀.

Kí a tó lè wí pé apá wa ká orúkọ kan, nǹkan mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà:

1. Orúkọ wa, tàbí ti ilé-iṣẹ́ wa, ni ó gbọ́dọ̀ wà ní ipò olórúkọ. Fún .com àti àwọn ẹ̀ka tó jọ ọ́, alágbàtà gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí ímeèlì tàbí nọ́ńbà fóònù olórúkọ láàárín ọjọ́ 15. Bí a kò bá dáhùn, wọ́n lè dá orúkọ náà dúró.
2. Ímeèlì tí a kọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti orí orúkọ ìkápá náà gan-an. Bí orúkọ bá parí, ímeèlì orí rẹ̀ náà yóò kú, ìkìlọ̀ kì yóò sì dé ibi kankan. Ó dà bí ìgbà tí a fi kọ́kọ́rọ́ ilé sínú ilé, tí a sì ti ilẹ̀kùn pa.
3. Ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀dọ̀ alágbàtà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ìdánimọ̀ ìgbésẹ̀ méjì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀.
4. Bí a bá ní kí owó ìsọdọ̀tun máa jáde fúnra rẹ̀, káàdì báńkì tí a lò gbọ́dọ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní àsìkò Kérésìmesì ọdún 1999, Microsoft gbàgbé láti san dọ́là 35 fún passport.com, orúkọ tí Hotmail ń gbà jẹ́rìí sí àwọn tó ń wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí ímeèlì wọn kà títí tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, fi káàdì ara rẹ̀ san owó náà.

BÍ ORÚKỌ BÁ PARÍ

Orúkọ .com kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹni lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìlànà ICANN, ẹgbẹ́ tó ń ṣe àkóso orúkọ ìkápá lágbàáyé láti ọdún 1998, ni pé kí alágbàtà kìlọ̀ ní bí oṣù kan àti bí ọ̀sẹ̀ kan kí orúkọ tó parí. Lẹ́yìn tí ó bá parí, alágbàtà lè fún wa ní àyè tó tó ọjọ́ 45, ṣùgbọ́n kò di dandan kí ó gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá paá rẹ́, àyè ìràpadà ọjọ́ 30 wà, owó rẹ̀ sì máa ń ga ju ti ìsọdọ̀tun lásán lọ. Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni ó ni ín. Àwọn orúkọ .ng ní ìlànà tiwọn lọ́dọ̀ NiRA. Kí a má ṣe fi ti.com díwọ̀n wọn.

ÀKÓSO DNS

Gbígba orúkọ jẹ́ ọ̀ràn kan. Sísọ ibi tí orúkọ ń tọ́ka sí jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Sáfà orúkọ ni a ń kọ àwọn ìtọ́ka náà sí. Ó lè wà lọ́dọ̀ alágbàtà, ó sì lè wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ìlà mẹ́rin yìí, tí a kọ pẹ̀lú example.com, orúkọ tí a yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ, fi bí àkọsílẹ̀ ṣe máa ń rí hàn:

example.com. 3600 A 192.0.2.10
www.example.com. 3600 CNAME example.com.
example.com. 3600 MX 10 mail.example.com.
example.com. 3600 TXT "v=spf1 mx -all"

A: ó ń so orúkọ mọ́ àdírẹ́sì IP. AAAA ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún àdírẹ́sì IPv6, èyí tó gùn jù.

CNAME: ó ń wí pé orúkọ kan jẹ́ ìnagijẹ fún òmíràn. A kì í fi í sórí orúkọ gan-an tí kò ní nǹkan níwájú, nítorí pé CNAME kò gbọdọ̀ bá àkọsílẹ̀ mìíràn gbé ojú kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àkọsílẹ̀ kan wà tó di dandan kí wọ́n wà níbẹ̀.

MX: ó ń sọ sáfà tó ń gba ímeèlì. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ni a ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí. 10 ṣáájú 20.

TXT: ọ̀rọ̀ lásán, ṣùgbọ́n a ń lò ó fún ẹ̀rí. Èyí tó wà lókè ń wí fún gbogbo ayé pé sáfà tó ń gba ímeèlì wa nìkan ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ímeèlì ránṣẹ́ lórúkọ wa. Láìsí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ó rọrùn fún gbájúẹ̀ láti lo orúkọ wa, lẹ́tà àwa fúnra wa sì lè máa bọ́ sínú àpò ìdọ̀tí.

NS: ó ń dárúkọ àwọn sáfà orúkọ tí àkọsílẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn.

Dọ́ọ̀tì tó wà ní ìparí orúkọ nínú àwọn ìlà yìí kì í ṣe àṣìkọ. Ó ń wí pé orúkọ ti parí síbẹ̀. Nínú fáìlì àkọsílẹ̀, bí a bá yọ ọ́ kúrò, sáfà yóò fi orúkọ ìkápá kún un, mail.example.com yóò sì di mail.example.com.example.com.

ÀKÍYÈSÍ LÓRÍ ÌLÒ (2): "KÒ TÍÌ TÀN KÁ"

Bí a bá yí àkọsílẹ̀ padà tí kò sì hàn lójú ẹsẹ̀, àwọn ènìyàn a máa wí pé "kò tíì tàn ká", bí ẹni pé ìròyìn ń rìn láti ìlú dé ìlú. Kò sí ohun tó ń rìn. Àwọn sáfà tó ti béèrè tẹ́lẹ̀ ń pa ìdáhùn àtijọ́ mọ́ títí àkókò ìpamọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Nọ́ńbà 3600 tó wà nínú àwọn ìlà òkè ni àkókò náà: ìṣẹ́jú-àáyá 3600, èyíinì ni wákàtí kan. Nítorí náà, "ìdáhùn àtijọ́ ṣì wà ní ìpamọ́" ni ó tọ́ kí a wí.

Ìyàtọ̀ yìí wúlò. Ẹni tó gbà pé ìròyìn ń tàn ká yóò kàn máa dúró ni. Ẹni tó mọ̀ pé ìpamọ́ ni yóò dín àkókò náà kù sí 300 ní ọjọ́ kan ṣáájú kí ó tó yí àdírẹ́sì padà, ìyípadà náà yóò sì hàn láàárín ìṣẹ́jú bíi márùn-ún. Sáfà orúkọ fúnra rẹ̀ ni èyí kò kàn: àwọn sáfà .com ń fún ìtọ́ka NS ní ìṣẹ́jú-àáyá 172800, ọjọ́ méjì gbáko. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "ẹ dúró di wákàtí 48" ti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan tẹ̀ lé e. Bí a bá yí sáfà orúkọ padà, àkọsílẹ̀ àtijọ́ kì í tẹ̀ lé wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rántí A, wọn a sì gbàgbé MX. Ojú òpó yóò ṣí dáadáa, ẹnikẹ́ni kò ní fura. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé kò sí ímeèlì kankan tó wọlé. Kí a kọ gbogbo àkọsílẹ̀ sí ibi tuntun kí a tó kúrò ní ti àtijọ́.

Ohun tó mú MX wúwo ju àwọn yòókù lọ ni pé ẹni tí apá rẹ̀ ká a ni lẹ́tà ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Báńkì, ilé-iṣẹ́ fóònù àti àwọn mìíràn ń fi ímeèlì ránṣẹ́ bí a bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹni tó bá gba orúkọ tí a jẹ́ kí ó parí lè gba àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn pẹ̀lú.

ÀMÌ OHÙN NÍNÚ ORÚKỌ ÌKÁPÁ

Lẹ́tà a dé z, nọ́ńbà àti àmì ìsopọ̀ nìkan ni a ń lò nínú orúkọ ìkápá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2003 ni a gbé ọgbọ́n kan tí a ń pè ní Punycode jáde, èyí tó ń sọ àwọn lẹ́tà mìíràn di èyí tí DNS lè gbà. Abala tí a bá sọ dà báyìí máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--. Bí a bá kọ ọjà, ohun tí DNS yóò rí ni xn--j-sfa590u. Aṣàwákiri lè fi ọjà hàn wá, ó sì lè fi èkejì hàn.

Kí a tó gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀, kí a ro nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo olùtọ́jú àkọsílẹ̀ ni ó ń gba gbogbo lẹ́tà, kì í sì í ṣe gbogbo bọ́tìnnì fóònù ni ó lè tẹ ẹ́. Ìkejì, àmì kékeré tó wà lábẹ́ ẹ tàbí ọ lè dà bí eruku lójú fóònù; gbájúẹ̀ lè gba orúkọ tó yàtọ̀ sí tiwa ní àmì yẹn nìkan.

Bí a bá sì kọ orúkọ láìsí àmì, ẹ jẹ́ kí a kà á bí àlejò yóò ti kà á. Owo lè jẹ́ owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀ tàbí ìlú Ọ̀wọ̀. Oko lè jẹ́ oko, ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà kan orúkọ ìkápá pẹ̀lú.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÓ BÁ A TAN

alágbàtà orúkọ: ẹni tó ń gba owó tó sì ń kọ orúkọ sílẹ̀ fún ni.
olórúkọ: ẹni tí àkọsílẹ̀ sọ pé a kọ orúkọ ìkápá fún.
ìsọdọ̀tun: sísan owó kí ẹ̀tọ́ lórí orúkọ má baà parí.
kóòdù ìgbéjáde: ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń gbé orúkọ láti ọ̀dọ̀ alágbàtà kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Ọ̀pọ̀ alágbàtà kì í jẹ́ kí a gbé orúkọ .com láàárín ọjọ́ 60 àkọ́kọ́.
àkókò ìpamọ́: iye ìṣẹ́jú-àáyá tí sáfà lè fi pa ìdáhùn mọ́ kí ó tó tún béèrè.

Tún wo: àdírẹ́sì IP, ímeèlì, ọ̀rọ̀ aṣínà, sáfà.